Ta Ló Gba Ohùn Abẹ́rẹ́ Sílẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń ka ìwé yìí, ta lẹ máa ń gbé orí yín fún kó di irun fún yín? Ẹ rò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó dáhùn. Ẹni tó bá ń dirun fún èèyàn, ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ̀yìn ọrùn onítọ̀hún wà, onítọ̀hún ò sì rí ojú rẹ̀.

Ìtàn yìí kì í ṣe tèmi. Ti obìnrin kan tá a jọ ń gbé ojúlé kan náà ni. Òun ló jókòó tì mí tó ní, “Ìyá àgbà, ẹ bá mi kọ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ má fi orúkọ mi sí i.” Mo ní ó dáa. Ìwé tí mo kà ò pọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹni tó ni ọ̀rọ̀ ló gbọ́dọ̀ yọ̀ǹda kí n tó sọ ọ́ síta. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí orí rẹ̀ gan-an ni ìjà wà.

Abẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu rẹ̀ sì mú. Ilé ìránṣọ ńlá ni, aṣọ ìgbéyàwó ni wọ́n ń rán níbẹ̀, òun ló sì ń gé e. Ẹ kó léèsì tó wọ́n bí ojú fún un, ọwọ́ rẹ̀ ò ní gbọ̀n. Tí sísọ́ọ̀sì rẹ̀ bá ti wọlé, ó ti wọlé náà nìyẹn.

Bí àìsàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ ni pé etí rẹ̀ òsì ń hó. Ó ní bí ìgbà tí ìrẹ̀ bá há sínú agolo ni. Ó bi Oníbọ́tìnì, ìyẹn ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń gán bọ́tìnì mọ́ aṣọ, pé, “Ṣé máṣìnì kan ń ké ni?”

“Gbogbo wọn ló ń ké,” ni Oníbọ́tìnì fèsì. “Ilé ìránṣọ la wà, kì í ṣe itẹ́ òkú.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé ó parí síbẹ̀.

Kò parí. Nígbà tó yá, tó bá gbé fóònù sí etí òsì, kò ní gbọ́ nǹkan kan. Tí wọ́n bá pè é láti ẹ̀yìn, ibi tí ohùn ò ti wá ló máa ń wò. Lẹ́yìn náà ni òòyì dé. Tó bá ń gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró tó lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń lọ aṣọ, èjìká rẹ̀ á máa ha ògiri. Àwọn kan ti ń fojú ọ̀mùtí wò ó.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló fà á lọ sílé ìwòsàn. Ọmọ ìyá kan náà, ẹyọ kan ṣoṣo tó ní.

“Tó bá jẹ́ ìdọ̀tí ló wà létí ẹ, kí wọ́n yọ ọ́,” ni ẹ̀gbọ́n wí. “Tó bá sì jẹ́ àìgbọràn ni, kí wọ́n yọ ìyẹn náà mọ́ ọn.”

Bó ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n yẹn. Ó fẹ́ràn kí èèyàn pé jọ kí òun dìde dúró kí òun sọ̀rọ̀, kí wọ́n sì pàtẹ́wọ́. Nínú ẹgbẹ́ obìnrin àdúgbò rẹ̀, òun ni wọ́n máa ń ní kó bá àlejò sọ̀rọ̀.

Kì í ṣe ìdọ̀tí. Wọ́n ti Abẹ́rẹ́ wọnú ẹ̀rọ kan tó rí bíi páìpù, tó ń pariwo bí ẹni ń lu páànù, wọ́n ya àwòrán inú orí rẹ̀. Dókítà nawọ́ sí ohun funfun kan nínú àwòrán náà. Ó ní kókó ni. Ó ní ó hù sára iṣan tó ń gbé ohùn lọ sí ọpọlọ, tó sì tún ń bá èèyàn dúró kó má ṣubú. Ó ní kò wọ́pọ̀ rárá, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa gbé ayé tí wọn ò ní pàdé ẹni tó ní in.

“Ṣé jẹjẹrẹ ni?” Ẹ̀gbọ́n ló bèèrè.

“Rárá o. Kì í ṣe jẹjẹrẹ, kì í ràn, díẹ̀díẹ̀ ló sì máa ń dàgbà. A óò máa ṣọ́ ọ. Tó bá ń tóbi, ohun tá a lè ṣe sí i wà. Ṣùgbọ́n etí tó ti lọ yẹn, mi ò ní purọ́ fún yín pé ó máa padà.”

Kí ẹ̀yin náà gbọ́ o. Tí etí kan ṣoṣo bá ń hó tí ò dáwọ́ dúró, tí kò sì gbọ́ bíi ti ìkejì mọ́, ẹ má máa da òróró gbígbóná sí i nílé. Ẹ lọ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.

Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n ò ti rìn lápá òsì àbúrò rẹ̀ mọ́. Apá ọ̀tún, apá tó ń gbọ́, ló máa ń wà. Tí wọ́n bá fẹ́ sọdá títì, òun ló ń di apá rẹ̀ mú. Tí wọ́n bá jókòó níbikíbi, á gbé àga rẹ̀ yí ká dé apá ọ̀tún. Èmi fúnra mi rí i, mo sì yìn ín. Mo ní, bí ọmọ ìyá ṣe yẹ kó rí nìyí.

Nílé ìwòsàn ni wọ́n ti júwe ẹgbẹ́ kan fún wọn, ti àwọn tó ní irú kókó bẹ́ẹ̀ àti àwọn tó ń tọ́jú wọn. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ló dá a sílẹ̀. Yàrá kan lẹ́yìn ilé ìwòsàn ni wọ́n ń lò, àga oníke ló kún ibẹ̀. Ẹ̀rín ni jíjókòó wọn, torí kò sẹ́ni tó ń jókòó síbi tó wù ú. Etí tó ń gbọ́ ló ń yan àga. Ẹni tí etí òsì rẹ̀ kú á lọ sí apá kan, ẹni tí tọ̀tún rẹ̀ kú á lọ sí apá kejì, wọn á wá máa yí orí síra wọn bí ẹyẹ.

Òfin kan ṣoṣo ló wà. Agbọ̀n kan wà lẹ́nu ọ̀nà, gbogbo fóònù á wọ inú rẹ̀. “Ohun tá a bá sọ níbí, ibí ló ń sùn,” ni Nọ́ọ̀sì máa ń wí.

Ibẹ̀ ni Abẹ́rẹ́ ti pàdé bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Awakọ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù ló ń wà tẹ́lẹ̀ kí òòyì tó gba ọkọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Orí rẹ̀ dán bí àwo, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

“Aránṣọ wa, má sunkún mọ́,” ló wí fún un lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé. “Àǹfààní wà nínú ẹ̀. Èmi àti ìyàwó mi kì í jà mọ́. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, mà á yí etí òkú sí i. Á sọ títí, á rẹ̀ ẹ́, á lọ gbé oúnjẹ wá.”

Abẹ́rẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ẹ̀bi tiẹ̀ wà rèé o, mi ò ní bò ó mọ́lẹ̀ torí pé a jọ ń gbélé. Màdáámù, ọ̀gá rẹ̀ níbi iṣẹ́, fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé Abẹ́rẹ́ ni Màdáámù máa kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fún. Abẹ́rẹ́ ò wá sọ fún un pé òun ń ṣàìsàn.

Nọ́ọ̀sì ní, “Sọ fún un. Àìsàn kì í ṣe olè.”

Ó ní, “Mà á sọ, mà. Ẹ jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ bọ́ sí mi lọ́wọ́ ná.”

Bẹ́ẹ̀ ló ń gé aṣọ lọ pẹ̀lú òòyì. Lọ́jọ́ kan, yàrá yí po mọ́ ọn lójú, ó sì gé apá méjèèjì aṣọ ìyàwó kan fún ọwọ́ kan náà. Nígbà tí àwọn yòókù jáde lọ jẹun, ó fi àgékù léèsì gé òmíràn, ó kó èyí tó bà jẹ́ sínú báàgì rẹ̀. Aṣọ náà dára, kò sẹ́ni tó mọ̀. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ò balẹ̀. Ó sọ ọ́ nínú ẹgbẹ́ náà, ó sunkún, wọ́n gbà á mọ́ra.

Ó tún sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ló máa ń dirun fún un lọ́jọ́ tí wọn ò bá lọ síbi iṣẹ́. Á jókòó sórí àpótí, Abẹ́rẹ́ á jókòó sílẹ̀. Tó bá kan apá òsì, Abẹ́rẹ́ á gbé orí lé e nítan, etí ọ̀tún á wà nísàlẹ̀. Nígbà náà, kò ní gbọ́ ohunkóhun láyé yìí mọ́, àyàfi ìrẹ̀ inú agolo rẹ̀. Ó sọ fún mi pé ibẹ̀ nìkan ni òun ti ń sinmi.

Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ló débi iṣẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ kan, tó kí wọn, tí wọ́n dáhùn láìwo ojú rẹ̀. Ó wo ojú fèrèsé tí wọ́n ń to ife omi sí. Tirẹ̀ nìkan ló wà níbẹ̀. Wọ́n ti kó ti àwọn yòókù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Màdáámù pè é wọlé. “Ti ilẹ̀kùn.”

Ó gbé fóònù lé orí tábìlì ìgéṣọ, láàárín ṣọ́ọ̀kì àti téèpù, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn ọkùnrin kan kọ́kọ́ ní, ẹ wá gbọ́ obìnrin tí kókó wà lórí rẹ̀ o, ẹ fi ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn yín. Lẹ́yìn náà ni ohùn Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ jáde: “Yàrá yí po mọ́ mi lójú. Apá méjèèjì ni mo gé fún ọwọ́ kan. Mo kó o sínú báàgì. Màdáámù ò mọ̀…”

Abẹ́rẹ́ fi àtẹ́lẹwọ́ bo fóònù náà mọ́lẹ̀ bí ẹni bo kòkòrò. “Ẹ pa á, mà. Ẹ jọ̀ọ́.”

“Ṣé òótọ́ ni?”

“Òótọ́ ni, mà. Ṣùgbọ́n mo tún un ṣe. Kò sẹ́ni tó mọ̀.”

“Ohun tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Kò sẹ́ni tó mọ̀! O sọ fún gbogbo ayé, èmi tí mo gbé sísọ́ọ̀sì lé ọ lọ́wọ́ ni o ò rí sọ fún.”

“Mi ò sọ fún ayé, mà.”

“Ta ló wá ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù yìí? Iwin?”

Màdáámù mí kanlẹ̀. Ó ní ìyá ìyàwó kan ti pe òun, pé ìyá náà ní òun ò fẹ́ kí ẹni tí kókó wà lórí ẹ̀ fọwọ́ kan aṣọ ọmọ òun, kí ó má lọ ràn án. Abẹ́rẹ́ ní kì í ràn. Màdáámù ní, “Èmi mọ̀ báyìí. Ṣé màá wá máa lọ láti ilé dé ilé kí n máa ṣàlàyé ni?”

Wọ́n gbé e kúrò nídìí tábìlì ìgéṣọ. Wọ́n fi í sí ìdí agbọ̀n àgékù, kó máa gé òwú tó bá yọ síta lára aṣọ. Ẹlòmíràn ló gba kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù kejì.

Nígbà tó délé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n káwọ́ lérí. Ó jókòó, ó tún dìde.

“Ta ló ṣe irú èyí? Níbo lo ti sọ̀rọ̀ yẹn?”

“Nínú ẹgbẹ́ nìkan. Àti níbí.”

“Nínú ẹgbẹ́!” Ẹ̀gbọ́n pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. “Awakọ̀ yẹn ni. Mo ti sọ fún ọ pé ẹnu ẹ̀ ò ní ilẹ̀kùn. Ẹni tó ń fi ọ̀rọ̀ ìyàwó ara ẹ̀ pa èèyàn lẹ́rìn-ín, ṣé tìẹ ló máa pa mọ́?”

Ìbínú ń wá ibi tó máa dúró sí, wọ́n sì ti gbé àga fún un. Abẹ́rẹ́ gbà pé Awakọ̀ ni.

Ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́ pé. Kò dúró kí Nọ́ọ̀sì ṣí ìpàdé tó fi nawọ́ sí bàbá náà. “Ìwọ! Ìwọ lo gba ohùn mi sílẹ̀. O ti sọ mí di yẹ̀yẹ́ káàkiri, o ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi.”

Ẹ wo bó ṣe ń bá bàbá tó lè bí i sọ̀rọ̀, “ìwọ, ìwọ”.

“Ọmọ mi,” ni Awakọ̀ wí, “èmi náà ń gbé kókó kiri. Ta ni mo fẹ́ tà á fún?”

“Ẹlẹ́nu dídùn!” Ẹ̀gbọ́n ló dá a lóhùn, láti apá ọ̀tún.

Nọ́ọ̀sì ní, “Fóònù ẹ̀ wà nínú agbọ̀n lọ́jọ́ náà. Èmi ni mo gbà á.”

“Èèyàn lè ní méjì, mà,” ni ẹ̀gbọ́n tún wí. “Ọ̀kan á wà nínú agbọ̀n, ìkejì á wà nínú ṣòkòtò.”

Awakọ̀ ò ṣàwàdà kankan. Ó dé fìlà rẹ̀, ó fọwọ́ ti ògiri, ó jáde. Nínú ẹgbẹ́ yẹn, tí ẹnì kan bá dìde, ẹlòmíràn máa ń dìde bá a di apá mú nítorí òòyì. Lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tó dìde. Ògiri nìkan ló sìn ín dé ẹnu ọ̀nà.

Abẹ́rẹ́ jẹ́wọ́ fún mi pé ara tu òun. Ó ní òun sùn dáadáa lẹ́yìn ìyẹn.

Ó ń gé òwú lọ́sàn-án ọjọ́ kan nígbà tí ẹnì kan fọwọ́ kan èjìká rẹ̀ òsì. Ó yíjú. Oníbọ́tìnì ló dúró níbẹ̀, ó ti ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó ti débẹ̀.

“Apá ibí ni kó o bọ́ sí,” ni Abẹ́rẹ́ wí. “Tọ̀hún ti kú.”

Oníbọ́tìnì yí ká. Ojú ń tì í. “Ṣé nítorí ẹ̀ ni? Gbogbo ìgbà tí mò ń kí ẹ láàárọ̀ tó ò dáhùn, mo rò pé ìgbéraga kọ́kọ́rọ́ tuntun ni. Mo ti bú ẹ o, má purọ́.”

“Mo bú ìwọ náà. Ife mi ńkọ́?”

“Mo ti gbé tèmi padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Lọ wò ó.” Ó fa àpótí kan, ó jókòó. “Mo gbọ́ ohùn ẹ yẹn délẹ̀. Ó pa mí lẹ́kún. Ohun kan ṣoṣo ni ò yé mi. Ta ló ń fa irun ẹ?”

“Irun kẹ̀?”

“Lápá ìparí. Ìwọ ò gbọ́ ọ tán ni?”

Kò gbọ́ ọ tán rí. Láti ọjọ́ tí Màdáámù ti tẹ̀ ẹ́ fún un, kò tún fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Oníbọ́tìnì tẹ̀ ẹ́, ó sún un síwájú, ó gbé e sí etí ọ̀tún rẹ̀.

Ohùn rẹ̀ ń bọ̀, ó ń sunkún, ó ń sọ̀rọ̀ léèsì. Ó dúró díẹ̀. Ó wá ní, “Ẹ rọra, ẹ̀ ń fà á jù, ó ń dùn mí níwájú orí.” Nǹkan kan sì dún kọ̀, bí òòyà tí wọ́n gbé lé orí pákó. Ọ̀rọ̀ tún ń bá a lọ.

Abẹ́rẹ́ gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbé ọwọ́ sí orí ara rẹ̀, ó tọ ìlà irun náà láti iwájú dé ìpàkọ́. Ó ṣì wà níbẹ̀ bí wọ́n ṣe dì í.

“Kí ló dé?” ni Oníbọ́tìnì bi í. “Ojú ẹ ti yí padà.”

“Kò sí nǹkan kan. Fi ránṣẹ́ sí mi.”

Kò sọ ọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ló lọ bá nílé, ó bẹ̀ ẹ́ pé kó pe Awakọ̀ wá sí ìpàdé tó ń bọ̀, kó sì jẹ́ kí fóònù kan ṣoṣo wọlé. Nígbà tí ọjọ́ pé, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ ká jọ lọ.” Ẹ̀gbọ́n ní ṣé òun kì í lọ tẹ́lẹ̀ ni. Ó di apá rẹ̀ mú sọdá títì. Ó gbé àga rẹ̀ yí ká dé apá ọ̀tún, ó jókòó.

Awakọ̀ jókòó sẹ́nu ọ̀nà, bí ẹni tí ò fẹ́ pẹ́.

Abẹ́rẹ́ gbé fóònù sórí àga kan láàárín. Kò ṣàlàyé. Ó tẹ̀ ẹ́, oníkálukú sì yí etí tó ń gbọ́ sí i. Wọ́n gbọ́ ọ dé ibi tí ohùn náà ti ní, “Ẹ rọra, ẹ̀ ń fà á jù, ó ń dùn mí níwájú orí.” Ó dá a dúró síbẹ̀.

Awakọ̀ ló ṣí fìlà.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo orí mi dáadáa,” ló wí. “Ṣé èyí jọ orí ẹni tó máa ń sún mọ́ irun?”

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Nọ́ọ̀sì ò rẹ́rìn-ín. “Aránṣọ, ta ló ń dirun fún ẹ?”

Ẹ̀gbọ́n ti gbé ẹnu sún mọ́ ọn létí, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ọwọ́ rẹ̀ le mọ́ ọn lápá. “Má sọ ọ́ níbí. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa ni mo gbé e fún, kí wọ́n lè mọ̀ pé irú àìsàn yẹn wà, kí wọ́n lè mọ ohun tójú mi ń rí lórí ẹ. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi. Àwọn kan sunkún. Mi ò mọ̀ pé ọ̀kan nínú wọn máa fi ránṣẹ́ sí ọkùnrin tó gbé e síta.”

“Ṣé ẹ bi mí?” Abẹ́rẹ́ ò yíjú sí i.

“O ò bá ní gbà.”

“Ẹ sì mọ̀.”

“Àbúrò mi, torí Ọlọ́run. Torí kí wọ́n lè ràn yín lọ́wọ́ ni.”

“Bàbá yìí ńkọ́? Ẹ jókòó tì mí níbí, ẹ ń wò mí tí mò ń bú u.”

“Ká délé ká sọ ọ́. Ọmọ ìyá ni wá.”

Abẹ́rẹ́ rọra yọ apá rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ó dìde, ó di ẹ̀yìn àga mú títí òòyì fi rọlẹ̀, ó sì yí àga náà padà, ó tún jókòó. Etí òsì ló wá kọ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ẹnu ẹ̀gbọ́n ṣì ń mì, ọwọ́ rẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n Abẹ́rẹ́ ò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ìrẹ̀ nìkan ló ń gbọ́.

Ó wo Awakọ̀ lójú.

“Bàbá mi, ẹ forí jì mí. Ẹ̀yin kọ́,” ló wí. “Ẹ̀gbọ́n mi ni.”